Obìnrin Tó Ń Gbé Àtùpà Kọjá Nínú Tẹlifíṣọ̀n Méje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọnà wa buwọ́ lu àfihàn náà lónìí. Ogójì ọjọ́ ló kù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kejì yóò ṣí, obìnrin náà yóò sì tún gbé àtùpà rẹ̀ rìn láti tẹlifíṣọ̀n kìíní dé ìkeje, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún tí ẹnikẹ́ni ti rí i kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Mo pe Màmá lórí fóònù. Òun ló ṣe iṣẹ́ náà, òun ló sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wa pé ká wò ó bóyá a lè jí i.

"Ajókòómádìde," ó ní, "ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Àmọ́ ó dùn ún gbọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tó fún mi lórúkọ yẹn. Mo wọ gbọ̀ngàn kejì yìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ náà, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò dìde títí ẹ̀ṣọ́ fi wá ń mi kọ́kọ́rọ́ sí mi létí. Obìnrin kan yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo ajókòó-má-dìde." Ìjókòó ọjọ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà inú kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi ní ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń ṣe ìyá fún ohun tí kì í jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

A gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà wá láti ilé Màmá. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo gbé e sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ẹlẹ́pà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òun ni amojú-ẹ̀rọ wa, ẹ̀pà ló sì fi ń ronú. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti bá a ṣe pọ̀, mo sì ti bá èèpo ẹ̀pà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó tú ìdérí rẹ̀, a bá ọmọńlé kan tó ti kú tó sì ti gbẹ, tó nà gbalaja sórí fáànù. Ẹlẹ́pà ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ rèé, Ẹ̀gbọ́n. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ó tanná sí i. Ó pariwo bí ẹni tó fẹ́ sín, ó tún dákẹ́, ó tún pariwo, ó sì jí! Obìnrin náà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tá a fi ń dán an wò. Àmì kéékèèké ni gbogbo ara rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sórí aṣọ, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dún kó, kó, kó. Kì í ṣe fíìmù. Ètò tí Màmá kọ ló ń ya ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lákọ̀tun, kò sì sí ìgbésẹ̀ kan tó jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò kí ara ẹ̀rọ náà tó gbóná jù. A pa á kíá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ẹlẹ́pà ti da ètò náà kọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ó sì tún da á kọ síbi méjì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ó jẹ́ kí ẹ̀rọ àtijọ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe ségesège sínú ìwé àyẹ̀wò. Àṣìṣe mẹ́rìnlá. Ìkẹrin: àmì kan ti bọ́ lẹ́bàá iná àtùpà. Ìkẹsàn-án: ìró ẹsẹ̀ máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn. Ìkẹrìnlá: obìnrin náà dúró gbagidi nítòsí tẹlifíṣọ̀n kẹrin fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlá, mẹ́mórì ẹ̀rọ ló kún, ó ń da ìdọ̀tí rẹ̀ nù kó tó lè máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún gbogbo ẹ̀ ṣe?"

"Tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ kó mọ́ tónítóní."

Mo buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìkánjú wà lára mi, mo fẹ́ rí káfíńtà tó máa kan àtẹ tẹlifíṣọ̀n kó tó lọ.

Kí n tó padà dé, òórùn iná ti gba gbogbo yàrá. Ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú. Ẹlẹ́pà ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni pé a ti da ètò náà kọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lórí ẹ̀rọ tuntun, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni obìnrin náà fi rin gbogbo ìrìn tẹlifíṣọ̀n méje tán, lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tá a fi ń dán an wò. Ó ń fò ni. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò yìnyín bá ń rọ̀ sórí páànù. Ẹlẹ́pà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ajá ló ń lé e!"

Ẹ̀rọ tuntun yá ju ti àtijọ́ lọ ní àìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni Màmá ò kọ iye ìṣẹ́jú kankan sínú ètò náà. Bí agbára ẹ̀rọ ìgbà yẹn bá ṣe mọ ni ẹsẹ̀ obìnrin náà ṣe ń yá. Mi ò rẹ́rìn-ín rárá níbi iṣẹ́. Ìgbà tí mo délé tí mò ń sọ ọ́ fún ọkọ mi ni ẹ̀rín wá pa mí, tí mo fi da tíì sára aṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí a ò lè lo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ méje, ká fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Mo ní obìnrin náà nílò ilé tó jìn, kì í ṣe ògiri. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n lọ wá a nígbà náà.

Mo wá a dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì kún fún tẹlifíṣọ̀n oníkẹ̀yìn ńlá tí àwọn olówó wọn ò padà wá gbé. Ó ń fọwọ́ gbá wọn lórí bí ó ṣe ń kọjá. "Èyí ti ọkọ ìyàwó kan ni. Ìyàwó ti bímọ mẹ́rin, wọn ò tí ì wá gbé e." Mẹ́ta ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò ní gbowó, kìkì pé kí n jẹ́ kí òun wà níbẹ̀ nígbà tí a bá tan wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò láti àárọ̀. A rí méjì nínú yàrá ẹrù ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá Ẹlẹ́pà, tó máa ń gbé òdòdó lé. Ìkeje wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, ọkùnrin náà sì ní àfi tí a bá fún òun ní pẹlẹbẹ tuntun ni òun máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Owó pẹlẹbẹ náà tó ra fìríìjì. Ọ̀gá fi ìbínú san án.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹlẹ́pà ti kó ìjánu sí obìnrin náà lẹ́nu. Kí ẹ̀rọ àtijọ́ tó kú, kò sẹ́ni nínú wa tó wọn bí ìrìn náà ṣe pẹ́ tó. A rí fídíò kan tí ẹnì kan yà ní àfihàn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n méjì àkọ́kọ́ nìkan ló hàn níbẹ̀ kí orí ọmọdé kan tó dí gbogbo ìyókù. A fi aago wọn ìwọ̀nyí, a sì ṣírò rẹ̀ dé ìkeje: nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Mo fi fídíò náà han ọkọ mi nílé. Bàtà ló ń rán, ẹsẹ̀ èèyàn ló sì máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìbàdí òsì ń dùn ún, obìnrin yẹn. Àwọn tó ń rìn báyìí, wọn kì í lè lọ jìnnà tí wọn ò ní dúró."

Mo ní kó fi obìnrin olóbìnrin sílẹ̀, kó wá bá mi ká aṣọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Èéfín jáde lára tẹlifíṣọ̀n kẹfà. Bàbá ní ó kàn ń wúkọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ kí Màmá. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì. Ó mọ̀ mí nípa ìró bàtà mi kí n tó kan ilẹ̀kùn. Tí ó bá fẹ́ rí èèyàn báyìí, ó ní láti yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, torí àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti di òkùnkùn. Dókítà ti sọ fún un pé ìwọ̀nba tó kù yẹn lè má rí ọdún tuntun.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù:

"Ìyá mi ni obìnrin yẹn, o mọ̀. Ní alaalẹ́ ló máa ń gbé àtùpà yí ilé ká, á wo ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lórí ibùsùn. Mo fẹ́ jókòó síbi tó ti ń kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, màá buwọ́ lùwé pé kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ títí láé. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì nu gbogbo ibi tẹ́ ẹ dà á kọ sí. Mi ò fẹ́ kí àjèjì máa gbé àtùpà ìyá mi kiri."

"Òun ni, mà. Ẹ máa rí i."

Ó na ọwọ́, ó wá etí mi rí, ó fà á díẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀nà ilé ronú nípa ọwọ́ yẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Tẹlifíṣọ̀n méje, gbogbo wọn tàn! Bàbá fi aṣọ nù wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń múra fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́. A pa iná gbọ̀ngàn. Obìnrin náà wọlé láti apá òsì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń kọjá láti inú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì láìdúró, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kọjá lára wa. Ó mọ́ lóòótọ́, kò sí àbùkù kan. Mo sunkún. Ẹlẹ́pà ṣe bíi pé òun ò rí mi, ó fún mi ní ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Màmá wá. Mo mú un jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n kẹrin, a sì tan iṣẹ́ náà. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń gbọ́. Obìnrin náà rìn láti ìkíní dé ìkeje. Màmá ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe.

"Kì í ṣe òun," ó ní.

Ẹlẹ́pà mú kó rọra. Kì í ṣe òun. Ó mú kó yá díẹ̀. Kì í ṣe òun. Títí di agogo márùn-ún, kì í ṣe òun.

"Màmá, kí ló kù? Ẹ sọ fún wa, a máa ṣe é."

"Ọmọ mi, tí mo bá mọ̀, ṣé mi ò ní sọ? Ọdún mẹ́rìnlélógún! Ó ń rìn dáadáa. Ẹni tó ń rìn yìí ni mi ò mọ̀."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo sìn ín dé inú ọkọ̀, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo padà wọlé, mo sì jókòó sílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo gbìyànjú láti rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo máa ń di èémí mú. Mi ò rántí ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Èmi àti Ọ̀gá ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó ní ká ṣí àfihàn lọ́jọ́ tí a dá, ká kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ̀dà tuntun ni. Mo ní láìsí ìbuwọ́lù Màmá, kò sí ẹ̀dà kankan. Ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ní gbọ̀ngàn láti kún. Ó fún mi di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Tí kò bá tíì dára nígbà yẹn, fọ́tò ni yóò kó síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

A ti dán oríṣi ìrìn mọ́kànlélọ́gbọ̀n wò. Ooru mú bí ẹni pé wọ́n dáná sí abẹ́ ilẹ̀. Ẹlẹ́pà ò jẹ ẹ̀pà kankan láti àárọ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bàbá mú búrẹ́dì wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó yẹ kí n kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo lọ sílé Màmá láti lọ wo àwọn ìwé tó kọ èrò rẹ̀ sí nígbà yẹn. Ó ní wọ́n wà nínú yàrá, òun fúnra òun ni òun máa mú wọn wá, kí n má bá òun tú ẹrù ká. Mo jókòó. Ó kó àwọn ìwé mọ́ àyà, ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ọ̀pá ń dún, ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé e. Nígbà tó dé àárín pálọ̀, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kan, kò mira rárá. Mo fò dìde.

"Jókòó jàre," ó ní. "Mò ń sinmi ni. Ìbàdí ìyá mi ni mo jogún. Òun náà kì í la ilé já láìdúró."

Mo ń ka ìṣẹ́jú-àáyá nínú ọkàn mi, mi ò sì mọ̀ pé mò ń kà á. Nígbà tó tún gbẹ́sẹ̀, mo ti ka méjìlá, èémí tí mo dì mú sì tú jáde lójijì. Èémí! Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà máa ń dúró. Ó ń dúró, mo sì ń dúró dè é, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

"Màmá," mo ní, "ṣé obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn máa ń dúró?"

Ó sọ ìwé sórí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

"Ó há," ó ní. "Háà! Ó máa ń há. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a jà, mẹ́mórì kékeré ni ẹ̀rọ yẹn ní, á kún, á dúró. Ọjọ́ tí ìyá mi wá wò ó, ibẹ̀ náà ló tún há sí. Ojú tì mí. Mo ní, 'Ẹ má bínú, ìyá mi, ó ti há.' Wọ́n ní, 'Kò há. Ó ń sinmi. Fi í sílẹ̀.' Mo bá fi í sílẹ̀. Mo ti gbàgbé! Báwo ni mo ṣe gbàgbé irú ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní Ẹlẹ́pà rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní àṣìṣe kẹrìnlá, ó bi mí léèrè, èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe, tí mo sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó. "O wẹ̀ ẹ́ mọ́! O wẹ ìyá mi mọ́ tónítóní, o sì wo ìbàdí wọn sàn!" Ó wá etí mi, ó fà á. Èyí dùn mí dáadáa.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó kàn ń rán bàtà lọ, ó sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Màá gbà á ní onímọ̀ ẹsẹ̀ láti òní lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ẹlẹ́pà di orí mú nígbà tó gbọ́. Mo ní ẹ̀bi mi ni, ìbuwọ́lù mi ló wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ó ti pàṣẹ fún obìnrin náà pé kó dúró ní tẹlifíṣọ̀n kẹrin fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlá. A jókòó, a wò ó. Ó dé ibẹ̀, ó dúró, ó ka iye rẹ̀ pé, ó lọ. A wò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọbìnrin mi, ó dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Kò rẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni. Ẹlẹ́pà kó gbogbo nǹkan rẹ̀ sínú báàgì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun títí di ọjọ́ Ajé. Ó gbé àpò ẹ̀pà ńlá dání bó ṣe ń jáde, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Irùngbọ̀n ti hù sí i lágbọ̀n.

"Mi ò pàṣẹ fún un mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo kọ́ àpótí kékeré kan fún un nínú ẹ̀rọ tuntun, tí mẹ́mórì ibẹ̀ kò ju ti àtijọ́ lọ. Mo dá gbogbo ìdọ̀tí tí mo kó kúrò padà fún un. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ báyìí. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ló máa ń dúró. Èmi gan-an ò mọ ibi tó máa jẹ́."

Lẹ́ẹ̀kíní, ó dúró ní etí tẹlifíṣọ̀n kẹrin. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wọ ìkarùn-ún kó tó dúró, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án péré. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró pẹ́, tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pẹ̀lẹ́.

Ọ̀gá wọlé ní agogo mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé àwọn fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ apá. Mo ní kó jókòó. Nígbà tí obìnrin náà dúró, Ọ̀gá yíjú sí mi láti bèèrè nǹkan, kò sì bèèrè rẹ̀. Ó tún kọjú síwájú. Mo ń wo èjìká rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ tún dún, kó, èjìká náà wálẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìwé fọ́tò rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe é fún Màmá kí wọ́n gbọ́."

Mo ṣí ìwé àyẹ̀wò. Mo fi gègé fa ìlà sí àṣìṣe kẹrìnlá, mo kọ "ìsinmi" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Mo farabalẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó buwọ́ lù ú.

Mo fẹ́ pe Màmá wá kó wá gbọ́ ọ lónìí. Ó kọ̀. Ó ní ọjọ́ tí gbogbo èèyàn bá wà níbẹ̀ ni òun máa gbọ́ ọ, ìyá òun fẹ́ràn àlejò. Ìyẹn ni pé tí kì í bá ṣe òun, ojú gbogbo ayé ni màá ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò. Bàbá nu tẹlifíṣọ̀n méje. Mo gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò lè kọ nǹkan kan lánàá. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí kí n tó gbàgbé, torí mo ti mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé.

Àwọn èèyàn tó bíi ọgọ́ta. Ọkọ mi wọ aṣọ tó fi fẹ́ mi, bọ́tìnnì rẹ̀ ń sunkún. Ìyá Ẹlẹ́pà wá wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó sì ń nàka sí i fún gbogbo èèyàn. Mo mú Màmá jókòó sórí àga níwájú, ó dì mí lọ́wọ́ mú, kò fi sílẹ̀. A pa iná.

Kó. Kó. Kó. Ìkíní, ìkejì. Ọwọ́ Màmá tutù. Nínú ìkẹta, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Kó tó dé àárín ìkẹrin, ó dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àtùpà nìkan ló ń mì díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ sí èkejì rẹ̀ létí pé, "Ó ti há."

Màmá ò yíjú padà. "Kò há," ó ní, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. "Ìyá mi ń sinmi."

Ọgọ́ta èèyàn dúró dè é. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe di èémí mú. Nígbà tó gbẹ́sẹ̀, Màmá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, síbi tó kù fún un, ìmọ́lẹ̀ náà sì rọra kọjá lójú rẹ̀ láti ìhà kan dé ìkejì. Kò nu omijé rẹ̀. Ó ń tẹ̀lé e lọ pẹ̀lú gbogbo ọrùn rẹ̀ títí obìnrin náà fi jáde ní ìkeje.

"Gbé ìwé yẹn wá," ó ní.

Mo fi ìka rẹ̀ sórí ìlà. Ó buwọ́ lù ú, lẹ́tà náà ń gun òkè bọ́ kúrò lórí ìlà dé àárín ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò. Mi ò tíì rí ìbuwọ́lù tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀sẹ̀ kan ti ń pé. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí mo bá ti fẹ́ pa àwọn tẹlifíṣọ̀n, fóònù mi á dún.

"Ajókòómádìde. Ṣé wọ́n ṣì ń rìn?"

"Wọ́n ṣì ń rìn, mà."

Lánàá, nígbà tí mo fẹ́ dá a lóhùn, gbọ̀ngàn ti dákẹ́. Mo wo ọ̀kánkán. Ó ti dé etí ìkẹrin, kò mira, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ń sinmi lọ́wọ́, mà."

"Ó dáa," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Jẹ́ ká dúró dè wọ́n."

A dúró, èmi nínú gbọ̀ngàn, òun nílé rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa, títí ẹsẹ̀ náà fi tún dún.